Orí Ilẹ̀ Ni Ọkọ̀ Ti Ń Gbéra

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ sún mọ́ rédíò, ọ̀rọ̀ òní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ o. Ọkọ̀ orí omi ni mò ń wí, ọkọ̀ tí a fi igi ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń dá mi lóhùn nílé rẹ̀ báyìí pé, "Kí ló kan Ìkálẹ̀ kan ọkọ̀ omi? Ṣebí àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Àrògbò ló ni ín?" Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ Erinje ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mí. Oko ni bàbá mi ń ṣe títí ó fi kú: ọ̀pẹ, gbágùúdá, kòkó díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ odò nílé wa, kò ju ọ̀rọ̀ omi pípọn àti aṣọ fífọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa. Mo dáyé bá a ni. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti orí dé ìdí, ó sì ń bẹ lábẹ́ àtíbàbà títí di òní olónìí. Kí la ń fi ṣe? Gbágùúdá la fi ń rẹ. Gbogbo pupuru tí mo jẹ tí mo fi dàgbà, inú ọkọ̀ yẹn ló ti kọ́kọ́ sùn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé orí iná. Ṣùgbọ́n n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé báwo ni ọkọ̀ ṣe dé ẹ̀yìn ilé àgbẹ̀. Ojú ọpọ́n ni mo fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú fún yín.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, mo kó ọmọ mẹ́rìnlá nínú kíláàsì mi, àwọn òbí wọn fọwọ́ sí i, a wọ bọ́ọ̀sì, ó di Igbokoda. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ọkọ̀ onígi, kí ti fáíbà tó gba gbogbo èbúté tán. Nínú ọmọ mẹ́rìnlá yẹn, mẹ́ta péré ló ti fọwọ́ kan ọkọ̀ omi rí. Ẹ gbọ́ o: ọmọ Ìkálẹ̀, tí odò Olúwa ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú wọn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Igbokoda, ẹ mọ̀ pé ọjà ibẹ̀ àti èbúté ibẹ̀ kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé wa, lẹ́yìn náà ariwo ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a já sí etí omi, àwọn ọmọ dákẹ́. Ọkọ̀ tò sílẹ̀ lọ bí ẹran tó wá mumi. Àwọn ńlá wà níbẹ̀, tí wọ́n fi pákó kàn, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn. Wọ́n ń di sìmẹ́ńtì, búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀dì àti kẹ́ẹ̀gì epo sínú wọn, fún àwọn tó ń lọ sí Ayétòrò, sí Ugbonla, sí Àrògbò. Àwọn kékeré náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí kò gbà ju ìyá kan àti agbọ̀n ẹja rẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó kan dá jókòó sínú tirẹ̀, ó ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ gba àárín àwọn ńlá wọ̀nyẹn kọjá. Kò kan ìkankan. Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra sọ pé, "Tíṣà, ìyá yìí mọ̀ ọ́n o."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ọmọbìnrin kan bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbé yẹ̀ wò. Ó ní, "Tíṣà, òkúta kékeré bọ́ sómi, ó rì. Ọkọ̀ ńlá gbé àpò sìmẹ́ńtì, kò rì. Kí ló fà á?" Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ló fà á? Ẹ mú abọ́ onírin kan nílé yín, ẹ gbé e lé omi. Á léfòó. Bí ẹ bá fi òòlù lu abọ́ kan náà pọ̀ títí ó fi di kókó, tí ẹ jù ú sómi, á rì. Irin kan náà ni o. Kò fúyẹ́ sí i, kò wúwo sí i. Inú rẹ̀ tó ṣófo nìkan la bà jẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń wọ omi, ó ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí omi tó tì bá ti wúwo tó òun àti ẹrù rẹ̀, omi á gbé e dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń wọlẹ̀ bí ẹrù ṣe ń pọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba, ẹnikẹ́ni tó wù kó máa pariwo pé àyè ẹnìkan ṣì kù. Ẹ dúró de òmíràn. Bí ẹ bá sì wọ ọkọ̀, ẹ bèèrè ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ dè é mọ́ra, kí ẹ má fi jókòó.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kọ́ ló gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ohun tí bàbá kan sọ ni.

Abẹ́ òrùlé ewé kan létí omi ni bàbá náà ti ń kan ọkọ̀. Àgbàlagbà Ìlàjẹ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. A lọ kí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti Erinje ni. Wọ́n fẹ́ wo ọkọ̀."

Ó gbójú sókè. "Erinje? Ẹ̀yin lẹ tún ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa? Ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún kọ́ ni igi rẹ̀ ti ń wá?" Ó na ọwọ́ sí pákó tó tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òkìtìpupa ni mo ti rà wọ́n wá. Ta ló rí ìrókò tó hù lórí omi iyọ̀ rí?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, ó kàn jẹ́ pé n kò rò ó rí ni. Inú igbó ni ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí ilẹ̀ ló ti ń gbéra. Ẹni tó ń wà á mọ òkun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ igi tó dára ń gbé nínú igbó. Bí ilẹ̀ kò bá fún omi ní igi, kí ni omi fẹ́ gbé?

Bàbá náà fi irinṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ. Àáké ń bẹ níbẹ̀, ayùn ń bẹ níbẹ̀, òòlù àti ìṣó. Irin kan wá wà tó rí bí ọkọ́ tí a fi ń roko gẹ́lẹ́, àfi pé ó kéré, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ inú igi. Ọmọ kan ní, "Bàbá, ṣé ọkọ́ ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ́ ni. Ọkọ́ ló bí ọkọ̀." Ẹ fetí sí i dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá: ọkọ́ ló bí ọkọ̀. Àwọn ọmọ fi í ṣe orin jẹ ní gbogbo ọ̀nà títí a fi délé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀ láti ara igi kan ṣoṣo? Bàbá ní ìgbà ọ̀dọ́ òun lòun gbẹ́ ọ̀pọ̀. Wọ́n á gé igi náà, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àti ní ìdí. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó inú rẹ̀ jáde. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó, kí wọ́n má baà gbẹ́ ẹ lu? Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kan ara ọkọ̀ kan kó, kó, kó. Etí ni. Igi tó ṣì nípọn, ohùn rẹ̀ wúwo. Igi tó ti fẹ́lẹ́ tó, ohùn rẹ̀ á là. Ó ní kí àwọn ọmọ kàn án wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kàn án.

Iná ló wá kù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán máa ń há jù. Wọ́n á da omi sínú rẹ̀, wọ́n á dáná jẹ́jẹ́ sí ìtòsí rẹ̀, igi á rọ̀. Wọ́n á máa fi ọ̀pá tì í sọ́tùn-ún, tì í sósì, díẹ̀díẹ̀, títí inú rẹ̀ á fi yà. Bí iná bá pọ̀ jù, ó jó. Bí iná kò bá tó, tí wọ́n sì fi ipá yà á, ó là pọ̀ọ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á ṣòfò láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá ní ọ̀gá òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iná.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ pákó ló wá pọ̀ báyìí? Igi ńlá ló wọ́n. Igi tí èèyàn mẹ́ta kò lè kọwọ́ kọwọ́ yí ká, níbo la ti fẹ́ rí i mọ́? A ti gé wọn tà, a kò sì gbin òmíràn rọ́pò. Ohun tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn nìyí, torí àwa ará ilẹ̀ ni igbó wà lọ́wọ́ wa. Àwa la mọ ọjọ́ tí ayùn wọ̀ ọ́. Bí àwọn ará omi bá ti ọwọ́ bọ àpò fún ọkọ̀ fáíbà, ẹ má sọ pé ìgbàlódé ló dé. Igbó wa ló tán.

Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀, ọmọ kan figbe ta. "Ọkọ̀ yẹn ti rì!" Lóòótọ́, ọkọ̀ pákó kan wà lábẹ́ omi níbi tí kò jìn, etí rẹ̀ nìkan ló yọ. Bàbá ní, "Kò rì o. Ó ń mumi ni." Ẹ̀yin olùgbọ́, ọgbọ́n rèé. Ọkọ̀ pákó tó bá pẹ́ nínú oòrùn máa ń gbẹ. Pákó á súnkì, àlàfo á ṣí láàárín wọn. Òwú àti ọ̀dà tí wọ́n fi dí i kò ní tó mọ́. Wọ́n á wá rì í sínú omi fún ọjọ́ díẹ̀. Pákó á mumi, á wú, ojú àlàfo á pa dé fúnra rẹ̀. Omi tó fẹ́ wọlé náà ló ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìtàn díẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Nàìjíríà yìí ni wọ́n ti rí ọkọ̀ tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Áfíríkà? Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga lẹ́bàá abúlé Dufuna, ní ibi tó wà ní ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Irinṣẹ́ rẹ̀ kan igi nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ni. Igi kan ṣoṣo ni, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, àwọn onímọ̀ sì fi yé wa pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 8,000. Damaturu ni wọ́n gbé e lọ. Àní, orí àti ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa, bíi ti ọkọ̀ ìyá arúgbó tí a rí ní Igbokoda. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ńkọ́? Ní nǹkan bí 1872, nígbà tí ìjà dí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ á gbéra l'Ékòó, á gba orí ọ̀sà, á já sí ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ibẹ̀ ni ẹrù á ti bọ́ sórí ilẹ̀, á gba àárín Ìkálẹ̀ kọjá lọ sí Oǹdó àti òkè lọ́hùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, epo pupa àti èkùrọ́ ilẹ̀ wa ń gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí Ẹjìnrìn, sí Èkó. Ìgbà tí títì Ṣágámù sí Bìní dé ni ọkọ̀ ilẹ̀ tó gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ omi pátápátá. Ẹ mọ òwe wa: bọ́kọ̀ ròkun, bọ́kọ̀ rọ̀sà, á padà wá forí fún elébùúté. Láti kékeré ni mo ti ń pa á. N kò mọ̀ pé àwa náà wà lára elébùúté tí òwe ń bá wí.

Igi wa tilẹ̀ rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílùú òyìnbó, bí ẹ bá wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta igi, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrókò ní ìrókò. Wọ́n ń pe ọ̀pẹ̀pẹ̀ ní ọ̀pẹ̀pẹ̀, wọ́n ń pe afàrà ní afàrà. Orúkọ Yorùbá bá igi wọkọ̀ lọ, kò sì padà. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún òpó èbúté, torí omi kì í tètè jẹ ẹ́. Ìrókò ni wọ́n ń fi kan ọkọ̀ nígbà tí igi tíìkì bá wọ́n. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní St Katharine Docks, wọ́n máa ń kó àwọn ọkọ̀ onígi àtijọ́ jọ nínú oṣù kẹsàn-án kí ará ìlú wá wò wọ́n. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ibì kan wà létí adágún Lake Union tí wọ́n ń pè ní Center for Wooden Boats. Ọ̀nà tí ti Seattle gbà ń ṣe é wù mí gan-an. Wọn kì í kàn to ọkọ̀ síbẹ̀ fún wíwò. Wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wọ̀ ọ́, kó wà á, kí ọmọdé kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn án. Nínú ọkàn mi, mo ń wò ó pé irú bàbá tó wà ní Igbokoda yẹn, kí ló dé tí a kò fi ọmọ mẹ́wàá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́? Igi tó ń bẹ nínú orí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Ayétòrò náà wà nínú ọkàn mi, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n fi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kọ́. Wọ́n gbajúmọ̀ fún ọkọ̀ kíkàn nígbà ayé ire wọn. Òkun ti ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ilé lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọkọ̀ Ayétòrò gbéra lójú wa lọ́jọ́ yẹn, ìyá kan jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé páànù òrùlé mẹ́ta lé itan. Mo wò ó títí ó fi kọ́nà.

Kí a tó kúrò, bàbá tó ń kan ọkọ̀ tún kọ́ wa ní ohun kan. Ó fi ọwọ́ pa etí ọkọ̀ àgbẹ́ kan tó ti gbó, níbì kan tó ti jẹ wọnú, tó sì ń dán. Ó ní, "Ẹ wo ibí. Àjẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń dá wakọ̀, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó sí. Á máa fi ọrùn àjẹ̀ ti etí ọkọ̀ kó lè yí orí ọkọ̀ síbi tó fẹ́. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n lò ló ń lò, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló sì ń jẹ. Bí mo bá rí ọkọ̀, mo lè sọ ọwọ́ tí ẹni tó ni ín ń lò fún yín, bí ó ti wù kó pẹ́ tó tó ti kú."

Ilẹ̀ ṣú kí a tó dé Erinje. N kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sẹ́yìn ilé. Mo kó gbágùúdá kúrò nínú ọkọ̀ wa, mo da omi kíkan rẹ̀ nù, mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò fọwọ́ pa inú rẹ̀ rí. Ojú irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, ó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnìkan ti fi páànù àti ìṣó wẹ́wẹ́ lẹ ibi tó là. Mo dúró síbi ìdí rẹ̀, mo kọjú síbi tí orí rẹ̀ kọ sí, mo fi ọwọ́ méjèèjì pa etí rẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò rí nǹkan kan. Lọ́wọ́ òsì, ìka mi wọ kòtò kan tó jìn, tó dán bí awẹ́ obì.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ irú mi lásìkò tiwa, ẹ mọ ohun tí ojú wa rí. Wọ́n nà mí nílé ìwé, wọ́n de ọwọ́ náà mọ́ mi lára nílé, títí mo fi fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé kò sí irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa.

Màmá mi ti dàgbà púpọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò mí.

Mo ní, "Màmá, ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

Ó ní, "Bàbá bàbá rẹ ni. Epo ló fi ń kó lọ sọ́jà. Òun ló wà á kẹ́yìn."

Mo ní, "Ṣé ọwọ́ òsì ló ń lò?"

Màmá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Ọkọ̀ náà ni, Màmá."